Máṣíìnì ìgébébà wo ló ṣì máa gé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa á tì? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ rà

Ìbéèrè tí a kì í bi ẹni tó ń ta máṣíìnì ìgébébà nìyí: lọ́jọ́ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é bá ní àwọn ò ṣe é mọ́, ṣé ó ṣì máa gé? A máa bi wọ́n bó ṣe ń pariwo tó, bó ṣe fẹ̀ tó, àwọ̀ tó ní (ẹ má rẹ́rìn-ín, èmi náà ti torí àwọ̀ ra ọ̀kan rí), àmọ́ ìyẹn kì í wá sí wa lọ́kàn àfìgbà tí nǹkan bá ti bàjẹ́.

Irin inú ẹ̀ kọ́ ló ń kọ́kọ́ kú. Mọ́tò kékeré, róbà tó ń fa bébà, ibi tí abẹ ń jókòó sí, ìyẹn lè lo ọdún gbọọrọ. App tí a fi ń rán an níṣẹ́ látorí kọ̀ǹpútà ló ń kọ́kọ́ lọ, tàbí sáfà (kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì) tí app yẹn ń bá sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà abẹ àti máàtì (pátákó tó ń lẹ̀ tí à ń tẹ́ bébà lé) á wá di ohun tí à ń wá kiri. Ẹ sì jẹ́ ká mọ̀ pé ìpatì pé oríṣi mẹ́ta o: wọn ò ṣe é mọ́ àmọ́ ẹrù ẹ̀ ṣì wà lọ́jà, ìyẹn ò burú, owó ẹ̀ tún lè já wálẹ̀. Ìkejì, wọn ò tún app ẹ̀ ṣe mọ́ kó lè bá kọ̀ǹpútà tuntun mu. Ìkẹta ni wọ́n pa sáfà, ìyẹn gan-an ló ń pa máṣíìnì. Torí náà ohun tí mo fẹ́ fi wé ara wọn níbí ò ju ẹyọ kan lọ: ta ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀?

Cricut

Mi ò bá Cricut jà o. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ mi ò tíì rí èyí tó rọrùn tó o, máṣíìnì wọn tó ń jẹ́ Maker sì ń fi agbára kílò 4 tẹ abẹ nígbà tí Explore, òmíì tiwọn, ò ju gíráàmù 400 lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń gé aṣọ bí ẹní gé búrẹ́dì. Wàhálà ibẹ̀ ni pé Design Space, app wọn, ni gbogbo nǹkan gbà kọjá, Design Space sì rọ̀ mọ́ akáǹtì. Ẹ lè tọ́jú iṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà kẹ́ ẹ gé e láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, lóòótọ́, àmọ́ ilẹ̀kùn yẹn, àwọn ló kọ́ ọ.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí méjì lára àwọn tiwọn àtijọ́. Expression, tó jáde lọ́dún 2007, ní bọ́tìnì lára, ẹ máa ki kátírììjì (ike kékeré tí lẹ́tà àti àwòrán wà nínú ẹ̀) bọ̀ ọ́ ẹ máa tẹ lẹ́tà tẹ́ ẹ fẹ́, ó gé e, ó parí. Cricut Mini dé lẹ́yìn ẹ̀, ó kéré, ó rẹwà, kò ní bọ́tìnì ìyàwòrán kankan, Craft Room, app tó wà ṣáájú Design Space, nìkan ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Oṣù keje ọdún 2018 wọ́n ti Craft Room pa. Mini di ẹrù orí tábìlì lọ́jọ́ yẹn, mọ́tò ẹ̀ dáa, abẹ ẹ̀ mú, ẹni tó máa rán an níṣẹ́ ni kò sí. Expression tó dàgbà jù ú lọ ṣì ń gé títí dòní.

App ẹlòmíì ńkọ́? Ó wà nígbà kan. Make the Cut àti Sure Cuts A Lot ń bá àwọn Cricut àtijọ́ ṣiṣẹ́, ilé iṣẹ́ náà, tí wọ́n ń pè ní Provo Craft nígbà yẹn, gbé wọn lọ kóòtù, wọ́n yanjú ẹ̀ lọ́dún 2011, àwọn méjèèjì sì yọ Cricut kúrò. Ní oṣù kẹta ọdún 2021 wọ́n tún ní ẹni tí ò bá ń san owó oṣooṣù ò ní lè gbé ju àwòrán 20 wọlé lóṣù mọ́, àwọn èèyàn fárígá, wọ́n yí i padà kí oṣù yẹn tó parí. Wọ́n gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ó dáa, àmọ́ ẹ̀yin ẹ ṣáà rí ọwọ́ tí kọ́kọ́rọ́ wà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra kátírììjì àlòkù fún àwọn tó dàgbà yẹn, ẹ mọ̀ pé èyí tí wọ́n bá ti so mọ́ akáǹtì ẹnì kan, kò ṣeé tú kó wọ tiyín mọ́, inú máṣíìnì àtijọ́ nìkan lẹ ti máa lò ó.

Silhouette

Ibí lowó tèmi máa ń lọ. Orí kọ̀ǹpútà yín ni Silhouette Studio, app wọn, ń gbé, tó bá ti wọlé ẹ lè yọ íntánẹ́ẹ̀tì dànù. Ọ̀fẹ́ ẹ̀ ò ní ṣí SVG (irú fáìlì àwòrán tí ọ̀pọ̀ app mọ̀ ọ́n kà), Designer Edition lẹ máa rà fún ìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré sì lẹ máa sanwó ẹ̀. Ojú app yẹn kún ju ti Cricut lọ, ó lè kọ́kọ́ sú yín, kò burú.

Ohun tó jẹ́ kó yàtọ̀ ni pé ọ̀nà àbáyọ pọ̀. Sure Cuts A Lot ń bá a ṣiṣẹ́, Inkscape, app ìyàwòrán tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ní àfikún tó ń rán iṣẹ́ tààrà sí Cameo àti Portrait, àwọn máṣíìnì Silhouette. Graphtec ti Japan ló ń bá wọn ṣe é, nítorí náà àwọn tó ní Cameo 1 sí 3 máa ń ki abẹ CB09 ti Graphtec bọ̀ ọ́ tí abẹ Silhouette bá wọ́n. Cameo 4 dé lọ́dún 2019, ẹni tó ní 3 ò ṣòfò kankan.

Ìkìlọ̀ kan ṣá: kọ̀ǹpútà náà lè dalẹ̀. macOS Catalina, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà Apple, lọ́dún 2019 kọ gbogbo app 32-bit sílẹ̀, ọ̀pọ̀ app àtijọ́ sì bá a lọ. Èmi fọwọ́ ara mi ṣe ara mi, mo tẹ update láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ní káàdì 60 láti gé, app ò ṣí mọ́. Sísọ́ọ̀sì ni mo fi gé e. Láti ìgbà yẹn láptọ́ọ̀pù ògbólógbòó kan wà nílé mi tí kì í rí íntánẹ́ẹ̀tì rárá, iṣẹ́ máṣíìnì nìkan ló ń ṣe.

Brother ScanNCut

Ó wọ́n díẹ̀, kò sì gbajúmọ̀ tó àwọn yòókù, àmọ́ tó bá jẹ́ ẹ̀rù ìpatì ló ń bà yín jù, òun ni kẹ́ ẹ rà. Ó ní ojú tẹ́ ẹ lè fọwọ́ tẹ̀, ó ní sìkánà nínú, ẹ ya nǹkan sórí bébà ẹ fi sí i, ó wò ó, ó gé e, kọ̀ǹpútà ò sí níbẹ̀. Àwọn máṣíìnì SDX wọn ń ka SVG látorí fíláàṣì. Tí Brother bá lọ lọ́la, iṣẹ́ ò dúró.

Plotter oní-HPGL, àti èyí tí a ń fọwọ́ yí

Àwọn plotter ńlá tí wọ́n fi ń gé sítíkà ń gbọ́ HPGL, èdè tí Hewlett-Packard ti ṣe láti bí ọdún 50 sẹ́yìn, Inkscape mọ̀ ọ́n sọ, abẹ irú ti Roland tí wọ́n ń lò ò sì ṣòro rí. Ó ń pariwo, kò sì dùn fún káàdì. Sizzix Big Shot tí a ń fọwọ́ yí ni tiẹ̀ ò ní app kankan tí ẹnikẹ́ni lè pa, àmọ́ ohun tẹ́ ẹ bá ní dáì ẹ̀ (irin tí wọ́n ti ṣe sí ìrísí nǹkan náà) nìkan lẹ lè gé.

Tó bá jẹ́ àlòkù lẹ fẹ́ rà

Ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára ṣájà, fólítì ẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti máṣíìnì mu. Ẹ ra abẹ àti máàtì pa mọ́ kó tó wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé máàtì tí ò lẹ̀ mọ́ ṣeé fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀. Ẹ da fáìlì tí wọ́n fi ń gbé app wọlé sórí fíláàṣì, ẹ tọ́jú dísáìnì yín ní SVG. Ẹ má sì tíì kówó sílẹ̀, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á pa íntánẹ́ẹ̀tì, kó gé òbìrìkítí kan lójú yín.