Ìwé nípa àjálù ayé àtijọ́ yìí já mi kulẹ̀

Ó dùn mí pé ìwé tí mo fojú sọ́nà fún tó báyìí ló já mi kulẹ̀. Olùkọ́ ìtàn ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níbí ní Abẹ́òkúta. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ló ń gbé ní apá Láfẹ́nwá, nítòsí Odò Ògùn, kò sẹ́ni tó máa kọ́ wọn ní ohun tí omíyalé ń jẹ́. Tí mo bá ní àjálù pa ìlú kan rẹ́ láyé àtijọ́, ohun tí wọ́n máa ń bi mí ni pé, "Tíṣà, ta ló wà níbẹ̀ tó wá ròyìn?" Ìdí nìyẹn tí mo fi ra ìwé náà ní Kútọ̀, owó rẹ̀ ò sì kéré.

Iye òkú ló ń kà ṣáá. Ẹ wo orí tó kọ nípa Pompeii, ìlú Róòmù àtijọ́ kan ní Ítálì. Ó ní iná olómi ló ṣàn bo ìlú náà lọ́dún 79 lẹ́yìn ìbí Kristi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Eérú àti òkúta fúlẹ́fúlẹ́ ló kọ́kọ́ rọ̀ lé e lórí fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tí òrùlé ń wó lu àwọn èèyàn. Lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ru eérú já wá láti Vesuvius, òkè ayọnáyèéfín tó wà nítòsí ìlú náà, tó sì pa àwọn tó kù. Ohun tó ká mi lára jù ni pé ẹlẹ́rìí wà! Pliny Kékeré, ará Róòmù kan, ò ju ọmọ ọdún 17 lọ nígbà náà. Láti Misenum, ní òdìkejì omi, ló ti rí ìkúukùu tó gòkè tó sì yọ ẹ̀ka bí igi. Ó kọ lẹ́tà 2 sí Tacitus, òpìtàn Róòmù kan, nígbà tó dàgbà, ó sọ bí arákùnrin ìyá rẹ̀, ọ̀gá àwọn ọkọ̀ ojú omi ogun Róòmù, ṣe tukọ̀ lọ láti gba àwọn èèyàn là, tí kò sì padà wálé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ìwé yìí dárúkọ Pliny Kékeré, lábẹ́ àwòrán!

Bákan náà ni ti ìmìtìtì ilẹ̀ tó wó Antioch, ìlú àtijọ́ kan ní ibi tó ń jẹ́ Tọ́kì lónìí, lọ́dún 526. Ó kọ ọ́ pé 250,000 èèyàn ló kú, ó sì kọjá lọ. Àwọn òǹkọ̀wé ìgbà yẹn ni wọ́n fojú díwọ̀n irú iye bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ka òkú náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀ fún wa.

Kí n má purọ́, orí tó sọ nípa ìmìtìtì ilẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ ní Kírétè, erékùṣù kan ní Gíríìsì, lọ́dún 365 dáa gan-an. Ó jẹ́ kí Ammianus Marcellinus, òpìtàn Róòmù ìgbà yẹn, fẹnu ara rẹ̀ sọ bí òkun ṣe fà sẹ́yìn, tó padà, tó sì gbé ọkọ̀ ojú omi sórí òrùlé ní Alexandria, ní Íjíbítì. Ó tún fi etíkun Kírétè tó gbéra sókè, tó ga tó mítà 9 ní ibì kan, ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Ká ní gbogbo ìwé náà rí báyìí ni!

Lẹ́yìn Alexandria, Áfíríkà tán nínú ìwé náà. Ṣé gbígbẹ tí Sàhárà gbẹ kì í ṣe àjálù ni? Koríko àti adágún ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi Dufuna tí wọ́n rí ní Yobe lọ́dún 1987, tó ti pé nǹkan bí ọdún 8,000, wà lára ẹ̀rí pé omi pọ̀ ní apá òkè Nàìjíríà nígbà kan. Ní Íjíbítì, ó lé ní ọdún 4,000 sẹ́yìn, ìjòyè kan tó ń jẹ́ Ankhtifi kọ ọ́ sára ibojì rẹ̀ pé ebi ń pa gbogbo gúúsù ilẹ̀ náà kú, débi pé àwọn èèyàn ń jẹ ọmọ wọn. Ẹni tó fi ìyẹn sílẹ̀, kí ló wá ń wá kiri?

Àwòrán ilẹ̀ kan ṣoṣo ò sí nínú rẹ̀, gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ náà sì ti ń tú. Tí wọ́n bá máa tún un tẹ̀, kí wọ́n tún orí Pompeii kọ, kí wọ́n sì wá àyè fún Ankhtifi. Ní báyìí, mi ò ní sọ fún òbí ọmọ kankan pé kó rà á.