Sálẹ́ńsà tí kò yé là: àgbéyẹ̀wò ṣọ́ọ̀bù jórinmọ́rin tí mo ń lò l'Ádó-Èkìtì

Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù yìí, nítorí ọmọ iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tí mi ò fẹ́ kí wàhálà kankan dé bá. Àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣeé pa mọ́ra.

Orí òkè tó wà láàárín Ìtáwùré àti Ẹ̀fọ̀n Aláayè ni ọ̀rọ̀ ti dé ojú ẹ̀. Màámi wà lẹ́yìn ọkọ̀, ìsìnkú ìbátan wa kan là ń lọ. Òjò ń rọ̀, a ti gbé gbogbo gíláàsì sókè, AC ń ṣiṣẹ́. Bí mo ṣe tẹ epo kí Camry mi lè gun òkè, ariwo bú lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bí ìgbà tí ọdẹ bá yin ṣákábùlà. Sálẹ́ńsà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jó fún mi, tí rìsíìtì rẹ̀ ṣì wà nínú àpò mi, ló tún là. Kò pẹ́ tí Màámi fi ní orí ń fọ́ òun, èébì sì ń gbé òun. Mo yà sí ẹ̀gbẹ́ títì, mo ṣí gbogbo ilẹ̀kùn sílẹ̀ nínú òjò yẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ariwo nìkan ni wàhálà sálẹ́ńsà tó là, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Carbon monoxide wà nínú èéfín yẹn. Kò láwọ̀, kò lóòórùn, ipò ọ́síjìn ló sì ń gbà nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Ẹni tó pa gíláàsì dé lè sùn lọ kó má jí mọ́. Màámi ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ìdí tí inú fi bí mi nìyẹn, inú náà kò sì tíì rọ̀ tán.

Fùlẹ́ẹ̀sì ló kọ́kọ́ ya, ìyẹn apá sálẹ́ńsà tí wọ́n fi wáyà hun, tó máa ń tẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá mì. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ní kí n má fowó ṣòfò lórí tuntun, pé páìpù irin gbọọrọ á tọ́jọ́ jù ú lọ. Ó gé fùlẹ́ẹ̀sì dànù, ó jó páìpù sí i, ó gba ₦8,000. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ẹ ò ní gbọ́ irọ́ lẹ́nu mi: ojú ibi tó jó tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí ihò kankan níbẹ̀, kò sì dá mi dúró pẹ́. Síbẹ̀ ó là. Mo padà, ó tún un jó, ó là lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó jó. Ó lẹ irin mọ́ ọn lórí, ó gbowó. Ìgbà tó yá, wàhálà náà bọ́ sí ojú gáskẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń dí ojú ibi tí páìpù méjì ti pàdé kí èéfín má bàa jò, bóòtù kan já síbẹ̀. Ọ̀gá tilẹ̀ ní kí n jẹ́ kí òun yọ kátálísì, ìyẹn apá sálẹ́ńsà tí èéfín ń gbà kọjá kó lè mọ́, kúrò, pé àwọn kan ń rà á lówó gidi. Mo kọ̀ jálẹ̀. Platinum àti palladium, irin olówó iyebíye tó wà nínú rẹ̀, ni wọ́n ń wá, bẹ́ẹ̀ òun ló ń dín májèlé inú èéfín kù.

Nínú gbogbo lílọ bíbọ̀ yìí, kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó ń fa irin ya.

Ní ọjọ́ Ajé lẹ́yìn ìsìnkú, mo dé ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó kó ẹ̀rọ síta. Màdáámù, ìyàwó ọ̀gá, ló jókòó ti ìwé owó. Ó kí mi dáadáa, ó béèrè ara Màámi. Bí mo ṣe mẹ́nu ba owó mi báyìí, ojú rẹ̀ yí padà.

"Bọ̀dá, a kì í dá owó iṣẹ́ padà o. Títì Èkìtì lẹ máa bá wí."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọkọ̀ mélòó ló ń gba títì yẹn tí sálẹ́ńsà wọn kò là?"

Kò fèsì. Ó ṣí ìwé rẹ̀ sí ojú ewé mìíràn, ó ń fi báírò fa ìlà síbi tí kò sí nǹkan kan. Ọ̀gá dé, kò wo abẹ́ ọkọ̀ rárá, ó ti ń na ọwọ́ sí ẹ̀rọ ìjórin. "Ọ̀gá mi, ẹ fọkàn balẹ̀, irin tó nípọn ni màá lẹ̀ mọ́ ọn lọ́tẹ̀ yìí." Mo ní kó má fọwọ́ kàn án. Ohùn mi ròkè débi pé ìyá tó ń sun bọ̀ọ̀lì níwájú ṣọ́ọ̀bù dìde wá ń bẹ̀ mí.

Ìgbà yẹn ni ọmọ iṣẹ́ kan, tí mi ò rò pé ó tíì pé ogún ọdún, sún mọ́ mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sà. Ẹ jẹ́ kí n wo nǹkan kan." Ó kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ó ní kí n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí n sitáàtì ọkọ̀, kí n tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ dáadáa, kí n fi jíà sí D, kí n fún un lépo díẹ̀, kí n tún wá fi sí R. Ẹ̀gbẹ́ ló dúró sí, kò dúró síwájú ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì fò sókè, ó tún já wálẹ̀ gbì! Gbogbo wa rí i. Rọ́bà ẹ́ńjìnnì síìtì iwájú, ìyẹn ohun tó di ẹ́ńjìnnì mú sára ọkọ̀, ti ya sí méjì. Ẹ́ńjìnnì ń jó, ó ń fa sálẹ́ńsà mọ́ra, fùlẹ́ẹ̀sì tó yẹ kó gba gbogbo ìmìtìtì yẹn ti wà lórí ààtàn, irin gbọọrọ kò sì lè tẹ̀. Kí ni ì bá ṣe ju kó ya lọ?

Ọmọ náà tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́, ó fi èédú dúdú tí èéfín ti lẹ̀ mọ́ ojú gáskẹ́ẹ̀tì hàn mí. Ó fi rọ́bà méjì tó gbé sálẹ́ńsà rọ̀ lẹ́yìn hàn mí, wọ́n ti já, ẹnì kan fi wáyà dè wọ́n. Ó ń ṣàlàyé fún mi, ó sì ń pọ́n ọ̀gá rẹ̀ lé nínú gbogbo gbólóhùn. Ẹni tó bí ọmọ yẹn kọ́ ọ, inú mi dùn sí i gan-an.

Ọ̀gá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Òótọ́ ni ọmọ yìí sọ." Mo bọlá fún un fún gbólóhùn yẹn, nítorí ojú àwọn oníbàárà mìíràn ló ti sọ ọ́. Ó ránṣẹ́ lọ ra ẹ́ńjìnnì síìtì tòkunbọ̀ ní ₦18,000 àti fùlẹ́ẹ̀sì tuntun ní ₦22,000, ó pe mẹkáníìkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n pààrọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì, bóòtù àti rọ́bà ẹ̀yìn. Ọ̀gá kò gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Màdáámù ló sáré tẹ̀lé mi dé ẹnu géètì, ó ní kí n san ₦2,000 owó ẹ́lẹ́kítíróòdù, ìyẹn ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń jórin. Mo san án, mo sì fún ọmọ náà ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, lójú gbogbo wọn.

Láti ìgbà yẹn mo ti gba Ẹ̀rìjìyàn lọ sí Ìkọ̀gòsì, mo ti gun òkè Ẹ̀fọ̀n lálọ àtàbọ̀, ọkọ̀ ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Màámi ń sùn lẹ́yìn, mo sì mọ̀ pé oorun lásán ni.

Ọkọ̀ àbúrò mi ti ń pariwo bí tèmi, ibẹ̀ náà ni màá gbé e lọ, ọwọ́ ọmọ yẹn ni màá sì fà á lé. Kọ́bọ̀ kan kò tíì padà wá nínú owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi kí ẹnikẹ́ni tó wo ẹ́ńjìnnì. Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún.