Ṣéènì náà dára, kílíìpù rẹ̀ ló fẹ́ pa mí

Ẹ̀yin tí ẹ ń tún máṣíìnì yín, ìyẹn alùpùpù, ṣe nílé bíi tèmi, kí ẹ tó sanwó ṣéènì àti sípírọ́kẹ́ẹ̀tì (irin eléyín roboto tí ṣéènì ń yí lé) inú páálí, ẹ ní kí wọ́n ṣí i lójú yín. Ẹ yọ kílíìpù lọ́ọ̀kì rẹ̀, ìyẹn irin pẹlẹbẹ kékeré tó ń di lọ́ọ̀kì tó so orí ṣéènì méjèèjì pọ̀ mú, ẹ fi èékánná fẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Bí ó bá ta padà sí bó ṣe wà, ẹ máa gbé ọjà yín lọ. Bí ó bá dúró síbi tí ẹ fẹ̀ ẹ́ dé, ẹ dá a padà fún wọn lójú ẹsẹ̀. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò sì fẹ́ kó rọlẹ̀ kí n tó sọ ọ́ tán.

Boxer ni mo ń gùn. Ṣéènì 428 ló ń lò, nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí ṣéènì ṣe tóbi tó. Páálí kan ṣoṣo ni èyí tí mo rà yìí wà: ṣéènì, sípírọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú, ti ẹ̀yìn, àti lọ́ọ̀kì nínú ọ̀rá kékeré. N kì í pààrọ̀ ọ̀kan kí n fi ìyókù sílẹ̀, torí eyín sípírọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti jẹ máa ń ba ṣéènì tuntun jẹ́ kíá. Owó rẹ̀ ju ti èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí pẹpẹ lọ, mo sì san án tayọ̀tayọ̀, nítorí ẹni tó tà á fún mi ní ojúlówó ni. N kò ní dárúkọ ilé ìtajà náà. Ìbàdàn ló wà.

Kí n sọ ibi tó dára. Kí n tó dè é, mo tẹ́ ṣéènì náà sórí tábìlì, mo fà á le, mo wọn ojú ogún lára rẹ̀. Ojú kan ṣéènì 428 jẹ́ mílímítà 12.7, ogún rẹ̀ yẹ kó jẹ́ 254, ohun tí mo sì bá níbẹ̀ gan-an nìyẹn. Tí ogún ojú bá ti ń lọ sí 259 lèmi máa ń ju ṣéènì nù. Eyín sípírọ́kẹ́ẹ̀tì méjèèjì dọ́gba, kò sí èyí tí etí rẹ̀ rí págunpàgun. Ihò bóòtù bọ́ sójú ihò, mi ò fọwọ́ kan òòlù rárá. Ẹni tó bá ti bá páàtì ayédèrú wọ̀yá ìjà rí mọ bí ìyẹn ṣe ń múnú ẹni dùn tó.

Lọ́ọ̀kì náà wọlé wẹ́rẹ́. Kílíìpù rẹ̀ rí bí ẹja: orí rẹ̀ dí, ìrù rẹ̀ là sí ẹsẹ̀ méjì. Orí yẹn ló gbọ́dọ̀ kọjú síbi tí ṣéènì ń lọ, kí ohunkóhun tó bá gbá a má baà ti ìrù tó là kúrò lára píìnì. Tí lọ́ọ̀kì bá wà lápá òkè, orí ẹja kọjú síwájú. Tó bá yí dé ìsàlẹ̀, ó kọjú sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo dè é. Mo fi ọ́ìlì gíà sí i, mo fàyè sílẹ̀ kí apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè máa mì sókè sódò bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, mo wo àmì ọ̀tún àti tòsì pé táyà ẹ̀yìn dúró gbọọrọ, mo wá fún gbogbo nọ́ọ̀tì le. Nígbà tí mo gùn ún jáde, ariwo tó ti ń bá mi rìn láti ìgbà ọyẹ́ ti tán pátápátá. Ká ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo kọ àgbéyẹ̀wò yìí, ìyìn nìkan lẹ ò bá kà.

Ọ̀nà àtijọ́ tó lọ sí Ọ̀yọ́ ló ti ṣẹlẹ̀. Mo ti kọjá Mọ́níyà, mo ti kọjá Fìdítì, Ìlọrà ló kù. Tírélà kan ń bọ̀ lẹ́yìn mi, mo fún máṣíìnì lépo sí i kí n lè jìnnà sí i. Nǹkan kan dún gbàà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ẹ́ńjìnnì figbe ta, ṣùgbọ́n máṣíìnì ò lọ mọ́, táyà ẹ̀yìn ò gba agbára kankan. Ìwọ̀nba eré tó kù lára rẹ̀ ni mo fi yà sínú koríko. Tírélà náà fọn fèrè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, atẹ́gùn rẹ̀ sì mi èmi àti máṣíìnì.

Ẹni tó bá mọ máṣíìnì mọ ohun tí ṣéènì tó já lè ṣe. Ó lè ká mọ́ sípírọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú kó la ara ẹ́ńjìnnì. Ó lè há táyà ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ lórí eré. Ọlọ́run ni kò jẹ́ kí èyíkéyìí ṣẹlẹ̀ níwájú tírélà yẹn. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n nígbà tí mo ń tú ìbòrí ṣéènì.

Inú ìbòrí yẹn ni mo ti bá gbogbo rẹ̀ nínú ọ́ìlì àti erùpẹ̀: lọ́ọ̀kì, awẹ́ irin tó ń bo ìta rẹ̀, àti kílíìpù. Kílíìpù náà ò ṣẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ló ya síta, tó sì dúró bẹ́ẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ wọlé, ó wọlé. Mo fẹ̀ ẹ́, ó fẹ̀. Irin tó ń ta padà, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe sípíríìnì, ló yẹ kí wọ́n fi ṣe kílíìpù. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi, ọmọdé lè tẹ̀ ẹ́. Mo ti máṣíìnì padà sí Fìdítì. Mẹkáníìkì kan létí títì gbà á wò, ó ní, “Bọ̀dá, irin yìí ò lágbára kankan.” Ó tú lọ́ọ̀kì kúrò lára ṣéènì àlòkù kan tó so kọ́ ara ògiri, ó bá mi dè é, kò sì gba kọ́bọ̀.

Nígbà tí mo padà dé Ìbàdàn, ilé ìtajà ni mo gbà lọ. Mo kó kílíìpù, páálí àti rìsíìtì dání. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó tà á fún mi jókòó sórí táyà tuntun, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ káàsán o, ẹ̀gbọ́n. Kí lẹ fẹ́ rà?”

Mo to gbogbo rẹ̀ síwájú rẹ̀, mo ṣàlàyé. Kò gbé fóònù náà sílẹ̀.

“A kì í gba ọjà tẹ́ ẹ bá ti lò.”

“Mi ò ní kó o gba ṣéènì. Wo kílíìpù yìí.”

“Ta ló bá yín dè é?”

“Èmi fúnra mi ni.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó pe ẹnìkejì rẹ̀ tó wà nínú lọ́hùn-ún: “Wá gbọ́ nǹkan, ẹ̀gbọ́n yìí ló dè é fúnra wọn o!” Ìyẹn yọjú, ó wo ọwọ́ mi, ó wo bàtà tí mo wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá ti gbé e fún ẹni tó kọ́ṣẹ́.” Kò sí ẹni tó wo kílíìpù nínú àwọn méjèèjì. Orí káńtà ló wà, iwájú wọn níbẹ̀, mo fi ìka sún un sọ́dọ̀ wọn, wọn ò fọwọ́ kàn án.

Èyí dùn mí ju ti ojú ọ̀nà lọ. Láti ìgbà tí mo ti ń ra páàtì ni wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ yìí lé wa. Bí búréèkì ò bá mú, ìwọ lo dè é. Bí pọ́lọ́ọ̀gì bá kú, ìwọ lo dè é. Bí ẹni pé irin tí kò dára máa ń dára tó bá bọ́ sọ́wọ́ mẹkáníìkì! Mo bọ̀wọ̀ fún mẹkáníìkì, ẹ sì ti gbọ́ ohun tí èyí tó wà ní Fìdítì ṣe fún mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tún tirẹ̀ ṣe ní ìdí tí yóò fi fara balẹ̀, torí òun náà ni yóò gùn ún. Àwa la máa ń wọn ojú ṣéènì. Àwa la máa ń fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, tí a ò ní fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́ torí ìbẹ̀rù iná. Wọn kò gbọ́dọ̀ bá wa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wá fi páàtì ṣeré.

Ohùn mi ti ń lọ sókè nígbà tí Alhaja tó ni ilé ìtajà jáde láti ẹ̀yìn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àílà tán. Mo kí wọn. Wọn ò bi mí léèrè ẹni tó dè é. Kílíìpù ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Wọ́n fẹ̀ ẹ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n tún fẹ̀ ẹ́.

“Nígbà tó wà lápá òkè, orí rẹ̀ kọjú síbo?”

“Síwájú, mà.”

“Ẹ dè é dáadáa.” Wọ́n yíjú sí àwọn ọmọ náà. “Ẹ gbé páálí wọ̀nyẹn sọ̀kalẹ̀. Gbogbo ẹ̀.”

Alhaja jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń ṣí páálí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń yọ kílíìpù nínú ọ̀rá, wọ́n ń fi èékánná ara wọn dán an wò. Èyí tó bá ta padà, wọ́n á kó o sápá ọ̀tún. Èyí tó bá dúró gbagada, apá òsì. Tòsì pọ̀ ju tọ̀tún lọ dáadáa. Oníbàárà méjì wọlé, Alhaja ní kí wọ́n dúró ná. Alhaja ní láti ìgbà tí àwọn ti ń bá bàbá àwọn ta páàtì kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ làwọn ti mọ kílíìpù ṣéènì, torí ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ náà máa ń lo irú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n sọ fún àwọn ọmọ náà pé, “Ẹ̀mí èèyàn lẹ ń fi rẹ́rìn-ín yẹn o.” Ara mi rọlẹ̀ níbẹ̀. N kò tíì rí olóko-òwò tó tú ọjà ara rẹ̀ palẹ̀ báyẹn lójú oníbàárà rí, nítorí irin tí kò tó ìka.

Wọ́n mú lọ́ọ̀kì láti inú ọjà ilé-iṣẹ́ mìíràn, wọ́n dán an wò lójú mi, wọ́n fún mi ní méjì. Mo béèrè owó ṣéènì mi padà, wọ́n kọ̀: ṣéènì ò ṣe mí ní nǹkan kan. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọn ò ní kí ọmọ tó fi mí rẹ́rìn-ín tọrọ àforíjì, òun náà ò sì tọrọ rẹ̀. Mo tún bi wọ́n pé àwọn tó ti ra páálí yìí ṣáájú mi ńkọ́? Alhaja ní àwọn ò mọ ilé wọn. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri, kí ẹni tó bá tún wá sí ọjà lè kà á. Wọ́n ní àwọn á rò ó wò. Mo ti padà débẹ̀, mi ò rí nǹkan kan lára ògiri.

Àwa tí a máa ń pàdé lẹ́yìn ilé mi lọ́jọ́ Àìkú láti tú máṣíìnì yẹ tiwa wò. Ọ̀kan nínú wa bá irú kílíìpù rírọ̀ yẹn lára tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibòmíràn ló ti rà á. Ẹnìkan máa ń fi sílíkóònù díẹ̀ lé kílíìpù lórí lẹ́yìn tó bá ti dè é, kí ó má baà yọ̀. Èmi náà ti ń ṣe é báyìí.

Nígbà tí mo padà lọ ra kébùlù kílọ́ọ̀ṣì, páálí náà ti padà sórí pẹpẹ, iye tó wà tẹ́lẹ̀ náà ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn rí i pé mò ń wò ó. Kí n tó lanu, ó ti ṣí ọ̀kan: wọ́n ti pààrọ̀ lọ́ọ̀kì inú rẹ̀. Mo fẹ̀ ẹ́, ó ta padà. Ó wá bi mí pé, “Ṣé ẹ̀yin náà lẹ máa de kébùlù yìí?” Mo ní èmi ni. Ó ní, “Ẹ kán ọ́ìlì sínú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó dè é o, ẹ̀gbọ́n.” Ìmọ̀ràn tó yẹ kí oníṣẹ́ fún oníṣẹ́ nìyẹn, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìràwọ̀ 2 ni mo fún un nínú 5, torí àwọn tó rà á ṣáájú mi. Ṣéènì náà ṣì wà lára máṣíìnì mi. Nígbà tí mo wọn ojú ogún rẹ̀ gbẹ̀yìn, kò tíì kọjá 255, ọ̀dọ̀ Alhaja náà ni n ó sì ti ra òmíràn.