Kíbọ́ọ̀dù yìí dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ mi ni wọ́n ṣe é fún

Kí n má fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: ọjà gidi ni kíbọ́ọ̀dù yìí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa gbọ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní ìpàdé, kí n sì máa tẹ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, nítorí náà ọwọ́ mi kì í kúrò lórí bọ́tìnnì láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo mọ kíbọ́ọ̀dù tó ń fini ṣẹ̀sín, èyí kò sí lára wọn. Bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ló ní sípíríǹgì tirẹ̀. Tó bá wọlé, ó wọlé, ẹ ò ní máa ṣiyèméjì bóyá lẹ́tà jáde àbí kò jáde. Ó wúwo débi pé kì í yọ̀ lórí tábìlì. Ariwo rẹ̀ nìkan ni ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá lè torí ẹ̀ bá yín jà.

Ohun tó bí mi nínú ni ìwé pélébé tí wọ́n fi sínú páálí. Ó ní ọgbọ́n òde òní ni wọ́n fi to bọ́tìnnì rẹ̀, fún ọwọ́ ènìyàn òde òní. Irọ́ gbuu!

Ẹ wo bí àwọn ìlà bọ́tìnnì ṣe dúró. Lẹ́tà A kò sí lábẹ́ Q gan-an, ó yẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀tún. Z náà tún yẹ̀ kúrò lábẹ́ A. Bẹ́ẹ̀ ìka wa kì í rìn ní ìdagun, ńṣe ló ń nà síwájú, tó ń ká padà sẹ́yìn. Táípíráítà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́, ló fà á. Lábẹ́ bọ́tìnnì táípíráítà kọ̀ọ̀kan, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó gùn lọ sẹ́yìn, òun ló ń ju irin tí lẹ́tà wà lórí rẹ̀ lu pépà. Bí bọ́tìnnì bá to gún régé lábẹ́ ara wọn, àwọn ọ̀pá wọ̀nyẹn kò ní ráyè kọjá. Ni wọ́n bá yẹ ìlà kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọ̀pá lè rọ́nà. Wọ́n fi irin kékeré kan tí a fi ń yọ bọ́tìnnì sínú páálí yìí, mo sì fi yọ díẹ̀ lára tèmi kí n lè wo abẹ́ rẹ̀. Ike, sípíríǹgì, wáyà. Kò sí ọ̀pá kankan níbẹ̀. Ọ̀pá ti lọ tipẹ́, yíyẹ̀ ló kù.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà fúnra wọn wá ńkọ́? Christopher Latham Sholes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Milwaukee, ní Amẹ́ríkà, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ìjọba lórí táípíráítà wọn ní 1868. Bọ́tìnnì rẹ̀ nígbà náà dà bí ti dùùrù. Ní 1873 wọ́n bá ilé iṣẹ́ Remington ṣe àdéhùn, àwọn tó ń ṣe ìbọn àti ẹ̀rọ ìránṣọ. Nígbà tí èyí tí Remington ṣe jáde ní 1874, wọ́n ya òdòdó sára rẹ̀ bíi ti ẹ̀rọ ìránṣọ, lẹ́tà ńlá nìkan ló ń tẹ̀, abẹ́ pépà ni lẹ́tà sì ti ń lù ú, kò sí bí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ṣe lè rí ohun tó kọ lójú ẹsẹ̀.

Ìtàn tí gbogbo ènìyàn ń sọ ni pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ to lẹ́tà báyìí, Q, W, E, R, T, Y, kí ọwọ́ lè falẹ̀, kí irin má baà há mọ́ ara wọn. Èmi kò gbà á wọlé. E àti R jókòó ti ara wọn, bẹ́ẹ̀ wọn kì í fi ara wọn sílẹ̀ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn olùwádìí méjì ní Kyoto, Koichi Yasuoka àti Motoko Yasuoka, ní àwọn òṣìṣẹ́ tẹlígíráàfù, àwọn tó ń fi wáyà ránṣẹ́, tó kọ́kọ́ lo ẹ̀rọ náà ló dá sí bí wọ́n ṣe tò ó. Èyí tó dá mi lójú ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé ètò náà kò tíì tẹ́ Sholes fúnra rẹ̀ lọ́rùn. Ó kú ní 1890. Ní 1896 ni ìwé ẹ̀tọ́ ètò lẹ́tà mìíràn tó ti béèrè fún ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ọjọ́ ti lọ. Ní 1893 àwọn ilé iṣẹ́ táípíráítà ńláńlá, Remington wà lára wọn, ti para pọ̀ di ẹyọ kan, àwọn akọ̀wé sì ti fi ìka kọ́ ètò àkọ́kọ́. August Dvorak, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Amẹ́ríkà, gbé ètò lẹ́tà tirẹ̀ jáde ní 1936, ó sì wà nínú ètò kọ̀ǹpútà yín báyìí. Ta ló ń lò ó? Orí fóònù gan-an, níbi tó jẹ́ àtàǹpàkò méjì péré la fi ń tẹ̀ ẹ́, ètò àwọn Sholes náà la bá níbẹ̀.

Caps Lock, bọ́tìnnì tó ń jẹ́ kí gbogbo lẹ́tà máa jáde ní ńlá, ni ẹjọ́ mi gan-an. Ní 1878 ni táípíráítà Remington No. 2 mú Shift wá, bọ́tìnnì tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ fún lẹ́tà ńlá, kí irin kan lè gbé lẹ́tà ńlá àti kékeré. Ẹ fi ọmọ ìka tó kéré jù mú un mọ́lẹ̀ títí, kí ẹ rí i bó ṣe ń rini. Bọ́tìnnì tó ń há a mọ́lẹ̀ wúlò nígbà náà. Lónìí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́gbọ̀n ni mo ń lò ó, síbẹ̀ ẹ̀gbẹ́ A ni wọ́n fi í sí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ tó bọ́tìnnì méjì. Àṣìtẹ̀ rẹ̀ ti sọ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ àgbààgbà di igbe nínú ìwé ìpàdé mi.

Ẹ rà á bí ẹ bá ń tẹ̀wé púpọ̀, yóò pẹ́ lọ́wọ́ yín. Bí ọrùn ọwọ́ bá ń dùn yín, ẹ lè dán irú èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ to gún régé wò. Ó wà lọ́jà, àmọ́ ẹ múra láti tún ọwọ́ kọ́. Èmi ti wọ inú ètò kọ̀ǹpútà lọ, mo ti sọ Caps Lock di Ctrl, bọ́tìnnì tí a ń tẹ̀ pọ̀ mọ́ òmíràn láti pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ìwé pélébé inú páálí ló jẹ ọ̀kan tó kù.