Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Pánṣẹ́kẹ́: wọ́n mọ ìwé dì, àmọ́ ẹ jókòó ti àwòrán yín

Bí ẹ bá ní ìwé ìwádìí tí ẹ fẹ́ dì ní Abẹ́òkúta, mo lè jẹ́rìí sí iṣẹ́ dídì ṣọ́ọ̀bù kan ní Pánṣẹ́kẹ́, ṣùgbọ́n n kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó fi àwòrán sílẹ̀ fún wọn kó sì máa lọ sílé. Ẹ̀dà 6 ni mo ní kí wọ́n tẹ̀ nínú àkójọ iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi béèrè ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì. Okùn gba inú ìwé já, gọ́ọ̀mù kò yọ sára ewé, lẹ́tà aláwọ̀ wúrà ara páálí sì hàn kedere.

Topology ni ẹ̀ka ìṣirò mi. Òun la fi ń wo bí àkójọ dátà ṣe rí, ibi tó so pọ̀ àti ibi tó ní ihò. Ẹni tó bá ti rí i bí aró tí a kán sára aṣọ funfun ní Ìtòkú ṣe ń tàn yóò mọ̀ pé àwọn ẹ̀kán náà a máa kan ara wọn, tí ojú funfun kan a sì ṣẹ́kù láàárín wọn kí aró tó bò ó. Bí ẹ̀kán aró bẹ́ẹ̀ la ṣe ń mú kí ààmì dátà kọ̀ọ̀kan máa tàn, ojú funfun yẹn sì ni ihò. Ìlà kan la ń fà fún irú ihò bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tó yọ títí di ìgbà tó parẹ́. Èyí tó gùn la ń gbà gbọ́. Èyí tó kúrú lè jẹ́ àṣìṣe ìwọ̀n lásán. Ní 2011, àwọn olùwádìí Nicolau, Levine àti Carlsson lo topology láti fi rí ẹgbẹ́ kan láàárín àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ ọmú, tí gbogbo wọn yè é nínú dátà tí wọ́n lò.

Nígbà tí mo ṣí ojú ìwé àwòrán mi, gbogbo ìlà kúkúrú ti lọ. Mo bi ọmọkùnrin tó ń tẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Ẹ má bínú, sà, mo rò pé ìdọ̀tí ni, mo bá nù ún kúrò.” Kò kúkú jìnnà sí òótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó máa yẹ iṣẹ́ mi wò ló gbọ́dọ̀ rí ìlà wọ̀nyẹn kí wọ́n tó gbà pé ìdọ̀tí ni.

Wọ́n tún un tẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó dì í. Ẹ gbé PDF lọ, nítorí kọ̀ǹpútà wọn sọ àmì Gíríìkì inú fáìlì Word mi di àpótí kéékèèké, kí ẹ sì débẹ̀ láàárọ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó tò dé títì.