Líle Méjì Tó Wà Nínú Ọ̀pá Gíà Kúkurú: Àgbéyẹ̀wò fún Honda Civic Onígíà Ọwọ́

Ọ̀pá gíà kúkurú, èyí tó ń dín ìrìn ọwọ́ kù láti gíà kan sí èkejì, ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí; wọ́n ṣe é fún Honda Civic 1996 sí 2000, onígíà ọwọ́ 5. Irin ni, wọ́n fi kóróòmù dán an, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ níbi méjì kó má baà gbá páìpù èéfín nísàlẹ̀. Kò sí orúkọ ilé-iṣẹ́ kankan lára rẹ̀. Inú páálí náà ni ẹ ó ti rí ọ̀pá, búùṣì pọ́líyúrétéènì méjì (ọ̀rá líle tó ń rọ́pò rọ́bà níbi ìsopọ̀), kọ́là irin méjì (páìpù kékeré tó ń wọ inú búùṣì, tí bóòtù ń gba inú rẹ̀) àti òrùka rọ́bà díẹ̀. Wọn ò fi gírísì sí i, wọn ò sì fi ìwé ìlànà sí i. Oṣù mẹ́rin ló ti lò nínú mọ́tò ní Òṣogbo báyìí: Òkè-Fìà sí Abéré lójoojúmọ́, Gbọ̀ngán tàbí Iléṣà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Gbólóhùn kan náà ló ń jáde lẹ́nu gbogbo ẹni tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án: "Háà, ó mà le o!" Òótọ́ ni, ó le. Ṣùgbọ́n líle méjì ló wà níbẹ̀, wọn kì í sì í ṣe ọmọ ìyá. Ọ̀kan jẹ́ ti ìṣirò. Ó bá ọ̀pá náà wá, ọwọ́ ni yóò mọ́ ọn lára. Èkejì jẹ́ àrùn, bí ẹ bá sì ní kí ọwọ́ mọ́ ìyẹn náà lára, gíàbọ́ọ̀sì ni yóò san gbèsè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ìṣirò. Bọ́ọ̀lù kan wà láàárín ọ̀pá gíà, ó jókòó sínú ife náílọ́ọ̀nù. Òkè bọ́ọ̀lù yìí la dì mú. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ń ti irin lọ sí gíàbọ́ọ̀sì. Gíàbọ́ọ̀sì kò mọ̀ pé a pààrọ̀ ọ̀pá, ìwọ̀n tó fẹ́ kí irin náà rìn kò yí padà rárá. Ohun tí wọ́n ṣe sí ọ̀pá kúkurú ni pé wọ́n mú apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ gùn sí i, kí òkè lè rìn díẹ̀ kí ìsàlẹ̀ sì rìn tó. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n ní orí ọ̀pá: ti àtijọ́ rìn sẹ̀ǹtímítà 11 láti gíà 1 dé 2, tuntun rìn 7. Ohun tí a yọ kúrò nínú ìrìn, agbára la fi ń dí i. Bí ẹ bá pín 11 sí ọ̀nà 7, ẹ ó rí bíi 1.57. Ìyẹn ni pé bí agbára kílò 2 bá tó láti ti ti àtijọ́, tuntun yóò gba kílò 3 àti díẹ̀. Kò sí gírísì tó lè pa ìyẹn rẹ́. Ẹni tó bá ní òun ń ta ọ̀pá kúkurú tó rọ̀ bí èyí tó bá mọ́tò wá, ọjà ló ń polówó.

Báwo la ṣe ń dá méjèèjì mọ̀? Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, kí ẹ wá fi ọ̀pá náà wọ gíà gbogbo lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá kọ̀ tí kò wọlé, ó lè jẹ́ pé eyín kojú eyín ni. Ẹ tú bíréèkì ọwọ́ sílẹ̀, ẹ ti mọ́tò síwájú díẹ̀, kí ẹ tún un gbìyànjú. Bí gbogbo gíà bá le bákan náà, tí kò sì há níbi kankan, ìṣirò ni. Bí ó bá rọrùn nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú ṣùgbọ́n tó gan nígbà tó ń ṣiṣẹ́, pàápàá gíà 1 àti rìfáàsì, ẹ má bá ọ̀pá jà: kílọ́ọ̀ṣì ni kò tú tán. Bí ó bá jẹ́ pé gíà kan ṣoṣo ló ń le, ọ̀ràn òrùka idẹ inú gíàbọ́ọ̀sì ni, èyí tó ń mú eré gíà méjì dọ́gba kí wọ́n tó wọnú ara wọn, tàbí kí ọ̀pá máa gbá nǹkan nísàlẹ̀. Bí ó bá sì wà ní fírì tí ẹ tì í sọ́tùn-ún sósì tí kò fẹ́ lọ, tí kò sì padà sáàárín fúnra rẹ̀, bọ́ọ̀lù ló gbẹ tàbí búùṣì ló há.

Iṣẹ́ wákàtí méjì sí mẹ́ta ni láti fi sí i. Sípánà 10 àti 12 ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ yí orí ọ̀pá jáde, ẹ tú àpótí àárín ìjókòó, ẹ ká rọ́bà abẹ́ rẹ̀ sókè. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé iwájú mọ́tò sórí sítáǹdì irin méjì. Búlọ́ọ̀kù símẹ́ǹtì tí àwọn ọmọ iṣẹ́ fẹ́ràn kì í ṣe sítáǹdì. Fífọ́ ló ń fọ́ lójijì, orí ẹni sì ni yóò wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí páìpù èéfín tutù pátápátá, torí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an lọwọ́ yóò wà. Ẹ yọ páànù tó ń dí ooru rẹ̀. Irin méjì ni ẹ ó rí tó wá láti gíàbọ́ọ̀sì. Èyí tó ń rìn tó sì ń yí ló ń mú gíà wọlé, èkejì kàn di ìjókòó ọ̀pá mú kó má mì ni. Ẹ tú bóòtù tó so ọ̀pá mọ́ irin àkọ́kọ́, ẹ tú ẹ̀yìn irin kejì, ẹ fa ìjókòó náà sísàlẹ̀, kí ẹ yọ òrùka kílíìpù tó wà lórí bọ́ọ̀lù. Ọ̀pá yóò jáde.

Ẹ má fọwọ́ kan pínnì tó so irin náà mọ́ gíàbọ́ọ̀sì o. Iṣẹ́ yìí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, odindi ọ̀sán kan sì lè lọ kó tó jáde.

Ibi tí àrùn ti ń wọlé nìyí. Erùpẹ̀ pupa ti kún ife náílọ́ọ̀nù nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ti pẹ́ nílùú yìí, gírísì rẹ̀ àtijọ́ ti di amọ̀. Ẹ nù ún mọ́ tónítóní. Bí ife náà bá ti jẹ sápá kan, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, torí bọ́ọ̀lù tuntun nínú ife tó ti jẹ yóò máa há, yóò sì máa tú. Gírísì líthíọ́mù tó tó orí ìka kan tó fún bọ́ọ̀lù. Gírísì sílíkóònù ni kí ẹ fi sí òrùka rọ́bà, torí gírísì lásán ń mú irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ wú. Nínú páálí tèmi, kọ́là kan kúrú ju búùṣì rẹ̀ lọ níwọ̀n ìdajì mìlímítà. Ó dà bí ohun tí kò tó nǹkan, àmọ́ kọ́là ló yẹ kí bóòtù fún mọ́ra, kí búùṣì lè máa yí lómìnira. Bí kọ́là bá kúrú, búùṣì ni bóòtù yóò fún, ọ̀pá yóò sì gan bí igi. Ẹ gbé sánńpépà sórí gíláàsì, ẹ ha ojú búùṣì náà títí kọ́là yóò fi yọ jáde bíi fífẹ̀ irun. Mo gbà pé ìdajì àwọn tó ń ráhùn pé ọ̀pá yìí le jù, ibí yìí ni wàhálà wọn wà.

Kí ẹ tó dá àpótí padà, ẹ fi ọ̀pá wọ gíà gbogbo kí ẹnìkan máa wo ìsàlẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ti orí ọ̀pá síwájú sí 1, 3 tàbí 5, ẹ̀yìn ni ìdí rẹ̀ ń lọ. Tí ẹ bá fà á sí 2, 4 tàbí rìfáàsì, iwájú ni ìdí náà ń lọ. Nítorí náà, bí 2 àti 4 kò bá wọlé tán, iwájú ni kí ẹ wò fún ohun tó ń gbá. Bí ó bá jẹ́ 1, 3 tàbí 5, ẹ wo ẹ̀yìn. Páànù ooru ló sábà ń jẹ́, ẹ lè fi òòlù tẹ̀ ẹ́ kúrò díẹ̀. Gíà tí kò wọlé tán lè fò jáde bí ẹ bá tú ẹsẹ̀ kúrò lórí iná.

Ọ́ìlì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì á rọ ọ́ìlì gíà 90 tàbí 140 tó ki, torí òun ló wà nílẹ̀. Ọ́ìlì Honda MTF, tí Honda ṣe fún gíàbọ́ọ̀sì onígíà ọwọ́, fẹ́lẹ́ ju ìyẹn lọ dáadáa, bíi lítà 1.8 ni gíàbọ́ọ̀sì Civic ẹ́ńjìnnì 1.6 lásán ń gbà; ẹ máa rọ ọ́ títí yóò fi máa kán láti ihò ìwọ̀n. Ọ́ìlì tó ki ń mú gíà 2 kọ̀ láàárọ̀ ọyẹ́ títí ẹ ó fi wa mọ́tò díẹ̀. Bí ẹ kò bá rí MTF, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ GL-4 sí lára (àmì irú ọ́ìlì gíà ni GL-4 àti GL-5), kó fẹ́lẹ́. Ọ̀pọ̀ GL-5 ń mú òrùka idẹ yọ̀ jù, kò ní lè di gíà mú kí eré méjèèjì dọ́gba. Ní ti kílọ́ọ̀ṣì, ọ́ìlì bíréèkì ni Civic yìí ń lò fún un: ẹ wo ìwọ̀n rẹ̀, ẹ wo kílọ́ọ̀ṣì ìsàlẹ̀ (sílíńdà kékeré tó wà lára gíàbọ́ọ̀sì) bóyá ó ń jò, kí ẹ sì tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde.

Bí gbogbo èyí bá ti tọ́, ọwọ́ yín ló kù. Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni kí èèyàn máa gbá ọ̀pá wọlé torí ó le. Òrùka idẹ nílò àkókò díẹ̀ láti mú eré gíà méjì dọ́gba, ìwọ̀n àkókò yẹn kò sì dín kù nítorí pé ọ̀nà kúrú. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, èyí tí a fagbára mú ní í le: àfi bí ẹni pé gíà ni wọ́n pa òwe yẹn fún. Ẹ ti ọ̀pá dé ibi tó ti kọ́kọ́ kọ̀, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ dúró lé e láìtú, yóò wọlé fúnra rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ni kí ẹ fi tì í, ẹ má fi gbogbo ìka fún un mọ́ra. Láti 3 sí 4, ẹ fà á tààrà sẹ́yìn. Ẹni tó bá fa á sọ́dọ̀ ara rẹ̀ yóò bá ara rẹ̀ ní 2, ẹ́ńjìnnì yóò sì ké. Ewu yìí pọ̀ sí i bí ẹ́ńjìnnì sítì, rọ́bà tó gbé ẹ́ńjìnnì dúró, bá ti jẹ. Kí ẹ tó fi sí rìfáàsì, ẹ dúró lórí kílọ́ọ̀ṣì fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Ẹ fa ìjókòó sún mọ́ iwájú kí ìgúnpá lè tẹ̀. Apá tó nà tán ni èjìká rẹ̀ ń dun nírọ̀lẹ́. Ẹ má sì fi ọwọ́ sinmi lórí ọ̀pá, torí fọ́ọ̀kì inú gíàbọ́ọ̀sì, irin tó ń ti gíà wọlé, ló ń gbé ẹrù yẹn.

Lẹ́yìn bíi kìlómítà 800, ó rọ̀ díẹ̀, bọ́ọ̀lù àti ife ti mọ ara wọn. Ohun tó ràn án lọ́wọ́ jù ni orí ọ̀pá tó wúwo. Eyín tí a fi ń yí orí mọ́ ọ̀pá Honda jẹ́ M10 x 1.5, ẹ wá orí irin tó tó gíráàmù 400. Ìwúwo yẹn ń bá yín ti ọ̀pá kọjá ibi tó ti ń kọ̀. Orí tó ga náà ń mú un rọ̀, ṣùgbọ́n ó ń dá díẹ̀ padà nínú ìrìn tí ẹ fowó rà kúrò.

Ariwo ni ẹ̀bi tí mi ò lè forí jì í. Búùṣì líle ń gbé ìgbọ̀nrìrì gíàbọ́ọ̀sì wá sínú àtẹ́lẹwọ́, ó sì ń kùn bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń sún mọ́ yíyí 3,000 ní ìṣẹ́jú kan lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán. Mo dá rọ́bà tó bá mọ́tò wá padà sẹ́yìn irin kejì, mo fi búùṣì líle sílẹ̀ ní ìdí ọ̀pá nìkan. Kíkùn náà dín kù gan-an, ọ̀pá kò sì tú.

Ẹni tó ń fi mọ́tò rẹ̀ ṣe tákísí láàárín Ọláìyá àti Ògo-Olúwa, kó má rà á. Gíà 1 sí 2 nígbà ọgọ́rùn-ún lójúmọ́ yóò rẹ ọwọ́, kò sì sí ibi tí yóò ti jẹ adùn rẹ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Iléṣà ni adùn rẹ̀ wà, níbi tí 3 àti 4 ti ń pààrọ̀ ara wọn láìdẹwọ́. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, tí ẹ bá gba inú omi kọjá, ẹ yẹ rọ́bà abẹ́ ọ̀pá wò bóyá ó ti ya: ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ ń gbà wọnú ife, ibẹ̀ náà ni èéfín ń gbà wọnú mọ́tò.