Àwo orin Liberation Music Orchestra ti Charlie Haden

Bí ẹ ò bá tíì gbọ́ àwo jáàsì yìí rí, ẹ má bẹ̀rẹ̀ látòkè. «Circus '68 '69», orin tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi sí i.

Ọ̀rọ̀ àpéjọ ẹgbẹ́ òṣèlú Democrat ni, ní Chicago lọ́dún 1968. Nígbà tí àbá àwọn tó fẹ́ kí ogun Vietnam dáwọ́ dúró ò wọlé, àwọn aṣojú kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ «We Shall Overcome», orin àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. Ni wọ́n bá ní kí àwọn onífèrè gbọ̀ngàn náà fọn orin mìíràn bò wọ́n mọ́lẹ̀. Haden, tó ń ta béésì, ń wò ó lórí tẹlifíṣàn. Ó wá pín ẹgbẹ́ rẹ̀ sí méjì, kí apá kan má jẹ̀ẹ́ kí èkejì gbọ́ra. Trombone lèmi náà ń fọn nínú bàǹdì ìjọ wa n'Íbàdàn. Mo mọ bó ṣe ń rí bí ohùn ẹni bá rì sínú ti ẹlòmíì, tí ètè á máa tẹ̀ mọ́ irin ju bó ṣe yẹ lọ. Mo gbọ́ gbogbo ìyẹn níbẹ̀. Lẹ́yìn rúkèrúdò náà ni Roswell Rudd fi trombone gbé orin tí wọ́n fẹ́ pa yẹn fún ìṣẹ́jú kan ó lé díẹ̀. Orí mi wú.

New York ni wọ́n ti gba àwo náà sílẹ̀ lọ́dún 1969, Carla Bley ló to ọ̀pọ̀ orin náà. Àwọn orin àwọn tó bá ọ̀gágun Franco jà nínú ogun abẹ́lé Sípéènì gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ìró rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ sì ń yọ wọlé láàárín wọn. Sàsófóònù Gato Barbieri ń ké níbẹ̀ bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Orin kúkúrú tó ń jẹ́ «The Interlude» ò fi nǹkan kan kún àwo náà létí tèmi.

Che Guevara, ajàjàgbara tí wọ́n pa ní Bolivia, ni «Song for Ché» wà fún. Lọ́dún 1971, Haden ta á ní ilẹ̀ Pọtogí, ó ní ti àwọn tó ń jà fún òmìnira Angola, Mozambique àti Guinea-Bissau ni, àwọn ilẹ̀ tí Pọtogí ń ṣàkóso nígbà náà. Ní pápákọ̀ òfurufú Lisbon ni ọlọ́pàá ti mú un. Ẹ má fi fóònù lásán gbọ́ orin yẹn o: béésì nìkan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré á sì gbé e mì.